Sísín Tí Jinasena Sín

Gbogbo ará Galle ló mọ̀ pé Jinasena tó ń tún kẹ̀kẹ́ ṣe ló sín tí Sri Lanka fi pàdánù. Òun fúnra rẹ̀ ló sọ fún wọn.

Ọjọ́ karùn-ún ìdíje kíríkẹ́ẹ̀tì tó ń lọ ní Colombo ni. Ọjọ́ márùn-ún gbáko ni wọ́n fi ń gbá irú rẹ̀, ìdí nìyẹn tí ìbànújẹ́ tó ń tẹ̀yìn rẹ̀ wá kì í fi í ṣe kékeré. Lọ́sàn-án ọjọ́ náà, Jinasena wọ ṣọ́ọ̀bù Ariyapala onígbàjámọ̀ kó lè bá a fá irùngbọ̀n. Rédíò ń sọ̀rọ̀ lórí pẹpẹ. Ariyapala ti fá ẹ̀rẹ̀kẹ́ ọ̀tún tán, ó ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé abẹ sábẹ́ àgbọ̀n lápá òsì, ni àwọn àlejò tá à ń bá gbá a bá lé ẹni kẹsàn-án wa jáde. Ẹnì kan péré ló kù tí wọ́n máa lé kí gbogbo rẹ̀ parí. Ayò mọ́kànlélógún la sì ń wá ká tó borí.

"Kí ẹnikẹ́ni má mira!" Jinasena pariwo, kò sì jẹ́ kí àgbọ̀n rẹ̀ mì.

Kò sẹ́ni tó bi í pé nítorí kí ni. Ọmọ tó bá ti gbọ́njú ní Galle mọ̀ pé tí nǹkan bá le tó báyìí, bó o bá ṣe wà ni wàá ṣe máa wà, torí ẹni tó bá yí ìjókòó padà ló ń yí oríire àwọn ọmọkùnrin wa padà. Ni abẹ Ariyapala bá dúró sí ọ̀fun ọ̀gbẹ́ni náà. Wimalsiri ẹlẹ́ja tó ti gbé ẹsẹ̀ kan sórí àtẹ̀gùn kó lè béèrè iye ayò, kò lè gbé ìkejì. Ẹja rẹ̀ wà nínú oòrùn lórí kẹ̀kẹ́ níta, ológbò mẹ́ta sì ti débẹ̀.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹja mi o."

"Ẹja lò ń rò? Orílẹ̀-èdè ń kú lọ!"

"Àwọn ológbò yìí ò bá wa dúró kẹ̀."

"Ológbò kì í gbọ́ rédíò. Má mira!"

Ogójì ìṣẹ́jú ni wọ́n fi wà bẹ́ẹ̀. Àwọn ọmọkùnrin wa méjì tó wà lórí pápá ń jà á díẹ̀díẹ̀, ayò kan níbí, ayò méjì lọ́hùn-ún. Ọwọ́ Ariyapala ti kú. Ọṣẹ ti gbẹ lójú Jinasena, ó sì ti ń rìn ín nínú imú. Nígbà tó ku ayò méjì ká borí, ẹni tó máa ju bọ́ọ̀lù gbéra, ó ń sáré bọ̀, ohùn inú rédíò ń ròkè, ni Jinasena bá sín. Sísín náà kì í ṣe kékeré. Orí rẹ̀ fò sẹ́yìn, abẹ kọ ọ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀fun, kí wọ́n sì tó rí aṣọ nu ẹ̀jẹ̀, rédíò ní bọ́ọ̀lù ti gbá igi mẹ́ta tí ọmọkùnrin wa ń ṣọ́ wó, wọ́n sì ti lé e jáde. Ayò kan ṣoṣo la fi pàdánù.

Jinasena dìde lórí àga. Ó gba àárín ìlú kọjá pẹ̀lú irùngbọ̀n ẹ̀gbẹ́ kan, kò kí ẹnikẹ́ni. Ìyàwó rẹ̀, Somalatha, pàdé rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà, ó ní kí ló dé.

"Mo ti pa wá," ni Jinasena wí.

Jinasena gbà á gbọ́ tinútinú. Oṣù kan lẹ́yìn náà, ó kọ lẹ́tà sí àwọn ọ̀gá kíríkẹ́ẹ̀tì ní Colombo pé kí wọ́n má bá àwọn ọmọ náà wí, òun Jinasena oníkẹ̀kẹ́ ti Galle ló fà á, òun sì ti ṣe tán láti gba ìyà tó bá tọ́. Wọn ò dá a lóhùn. Ó fi ọdún kan gbáko sọ fáwọn èèyàn pé ẹ ò rí bí inú ṣe ń bí wọn tó.

Somalatha gbìyànjú títí. "Bàbá Nimali, òrùlé yìí ń jò láti ọjọ́ tẹ́ ẹ ti fẹ́ mi, ẹ ò rí i ṣe. Ẹ̀yin lẹ wá lè dúró ní Galle kẹ́ ẹ mú kí ọwọ́ ẹni tó wà ní Colombo yẹ̀?"

"Ibi nìkan lọwọ́ mi mọ̀ ọ́n ṣe," ni ọkọ rẹ̀ fèsì, ó sì gbé àwo sábẹ́ ibi tó ń jò.

Láti ìgbà náà, tí ìdíje bá ti bẹ̀rẹ̀, Jinasena á ti ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ pa, á lọ jókòó sórí odi ìlú, á kẹ̀yìn sáwọn èèyàn, á máa wo òkun. Tá a bá borí, á ní, "Ẹ rí i? Mi ò sí níbẹ̀ ni." Tá a bá sì pàdánù, á ní afẹ́fẹ́ ló gbé ohùn rédíò dé etí òun. Àwọn èèyàn a rẹ́rìn-ín títí. Ariyapala nìkan ni kì í lè rẹ́rìn-ín tó wọn, torí ọwọ́ rẹ̀ ni abẹ wà lọ́jọ́ náà, ó sì mọ bí ara ọkùnrin náà ṣe gbọ̀n lẹ́yìn tó sín.

Lọ́dún kẹtàlá, àìsàn gbé Jinasena dè. Ẹni ọ̀wọ̀ ẹlẹ́sìn Búdà kan wá láti tẹ́ńpìlì, ó so òwú funfun mọ́ ọn lọ́wọ́, ó sì gbàdúrà fún un.

"Baba," Jinasena bi í, "tí mo bá tún ayé wá, ṣé ẹ̀ṣẹ̀ yìí á bá mi wá?"

"Ẹ̀ṣẹ̀ wo?"

"Sísín yẹn."

Ẹni ọ̀wọ̀ náà, tóun náà gbọ́ ìdíje ọjọ́ náà, pẹ́ díẹ̀ kó tó ní rárá. Pípẹ́ yẹn dá kún àìsàn rẹ̀.

Ẹ̀ẹ̀mejì lọ́sẹ̀ ni Ariyapala ń wá fá irùngbọ̀n rẹ̀ lórí ibùsùn. Lọ́jọ́ kan, Jinasena di ọwọ́ rẹ̀ mú.

"Ariya, mi ò sọ èyí fún ẹnikẹ́ni rí. Ìyá mi wà lórí àìsàn nígbà yẹn, ìdíje yẹn ló gbọ́ kẹ́yìn. Ó ń bi mí pé báwo la ṣe sún mọ́ ọn tó bẹ́ẹ̀ tá a sì pàdánù. Ó bi mí títí tó fi kú. Mi ò lè sọ fún un pé èmi ni."

Omi ń bọ́ lójú rẹ̀ sínú ọṣẹ. Ariyapala gbé abẹ sílẹ̀. Àánú rẹ̀ ṣe é débi tí kò ronú lẹ́ẹ̀mejì.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ̀yin kọ́. Èmi ni."

"Má tàn mí."

"Ẹ̀fọn jẹ mí. Mo fi ẹsẹ̀ kan họ ìkejì kẹ́ ẹ tó sín. Ẹ̀rù ló bà mí tí mi ò fi sọ."

Irọ́ ni. Gbọin ni Ariyapala dúró lọ́jọ́ náà.

"Ẹsẹ̀ wo lo họ?"

"Òsì."

"Ẹ̀ẹ̀melòó lo họ ọ́?"

"Ẹ̀ẹ̀mejì."

Jinasena, tí kò lè dá jókòó láti oṣù kan, jókòó. "Ìyá Nimali! Ẹ wá o! Ariyapala ni! Ọdún mẹ́tàlá ni mo fi wo òkun, ìkà yìí ń wò mí!" Ó ní kí wọ́n se tíì, kí wọ́n sì bu ṣúgà ọ̀pẹ sí i dáadáa.

Ọjọ́ mọ́kàndínlógún ló tún lò láyé, kò sì sí àlejò tí kò sọ ọ́ fún. Wimalsiri ò kí Ariyapala fún ọ̀sẹ̀ méjì. Somalatha ní láti ọjọ́ tóun ti fẹ́ ọkọ òun, òun ò rí i kínú rẹ̀ dùn tó bẹ́ẹ̀ rí.

Lọ́jọ́ tí Ariyapala fá irùngbọ̀n rẹ̀ kẹ́yìn, ohùn Jinasena ti lọ sílẹ̀ gan-an.

"Mo ti rò ó. Ẹ̀fọn ni, ta ni ẹ̀fọn ò lè mú? Mo dárí jì ọ́. Tí mo bá rí ìyá mi, màá bá ọ bẹ̀ ẹ́."

"Ẹ ṣé, Ẹ̀gbọ́n," ni Ariyapala wí, ó sì bú sẹ́kún, onígbàjámọ̀ tí kò ṣe nǹkan kan.

Títí dòní, tí ìdíje bá ti le, àwọn oníbàárà a lé Ariyapala jáde nínú ṣọ́ọ̀bù ara rẹ̀. Kì í bá wọn jiyàn. Lọ́jọ́ kan tó dúró nínú oòrùn, awakọ̀ kan tó ń kọjá fi í ṣe yẹ̀yẹ́ pé, "Ariya, ọjọ́ wo la máa dárí jì ọ́ gan-an?"

"Ẹ máa bínú lọ," ni Ariyapala wí. "Ẹni tó yẹ kó dárí jì mí ti ṣe é."