Garawa Lọ́wọ́, Àna Lójú Ọ̀nà

Láyé ìgbà tí òyìnbó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń rọ́wọ́ mú ní Ìbàdàn, koríko la fi ń bo ọ̀pọ̀ ilé ní àdúgbò wa. Bí ọyẹ́ bá dé, tí obìnrin kan bá dáná ọ̀sán, tí afẹ́fẹ́ sì gbé ẹ̀ta iná kan, odidi agboolé lè di eérú kí ọbẹ̀ tó jinná. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ní kí agboolé kọ̀ọ̀kan yọ ọkùnrin kan sílẹ̀ kó lọ kọ́ iṣẹ́ panápaná. Ní agboolé tiwa, èmi ni wọ́n mú. Wọ́n ní mo ga, mo sì lágídí, àti pé alágídí ló yẹ kó kojú iná.

Ọkùnrin tó ń kọ́ wa ti ṣe iṣẹ́ náà rí ní Èkó. Ìdí Òkè Mápó la ti ń pàdé láàárọ̀. Kò fẹ́ agbádá, kò fẹ́ dàǹdógó. Ṣòkòtò gbọ́dọ̀ fún mọ́ ẹsẹ̀. A ń fi aṣọ tútù di imú. Ó kọ́ wa bí a ṣe ń fi ọ̀pá tí wọ́n so ìkọ́ irin mọ́ lórí fa koríko òrùlé wálẹ̀ kí iná tó dé ibẹ̀. Ó ní ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ wọ abẹ́ òrùlé tó ti ń jó, ìbáà ṣe wúrà ló gbàgbé síbẹ̀. Bí a bá ti gbọ́ fèrè rẹ̀, ká sá wá. Èyí tó wá ṣòro jù ni títò: a ó tò láti etí omi dé ibi iná, garawa yóò máa ti ọwọ́ bọ́ sí ọwọ́ láìdúró.

Láìdúró kẹ̀? Ní Ìbàdàn? Lọ́jọ́ tí a kọ́kọ́ tò, baálé ilé kan ń kọjá lọ sí Ọjà'ba. Gbogbo wa gbé garawa sílẹ̀, a dọ̀bálẹ̀ gbalaja. A kí wọn, a kí ará ilé wọn, a béèrè ẹsẹ̀ tó ń dùn wọ́n. Nígbà tí a ó fi dìde, garawa ti dojú dé, omi ti ṣàn lọ. Olùkọ́ wa jókòó sórí òkúta, ó rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀.

Ó ní, "Ilé ti jó tán. Ẹ kú ìkíni."

Ọjọ́ náà ló ṣòfin pé ẹni tí garawa bá wà lọ́wọ́ rẹ̀ kò gbọdọ̀ dọ̀bálẹ̀ fún ẹnikẹ́ni, ẹnu nìkan ni kó fi kí i. Àwọn ìjòyè gbà, wọ́n sì kéde rẹ̀.

Díẹ̀ ló kù kí òfin yìí gba ìyàwó lọ́wọ́ mi. Mò ń fẹ́ ọmọbìnrin kan nígbà náà, ará Kúdẹtì, ẹ̀rín rẹ̀ máa ń jẹ́ kí n ṣìnà ilé wa. Bàbá rẹ̀ ń ta obì. Ẹ̀yin náà mọ̀ pé ẹni tó ń fẹ́ ọmọ kì í rí àna lójú ọ̀nà kó má fi àyà gbálẹ̀, ìbáà jẹ́ nínú ẹrọ̀fọ̀. Bàbá yìí kì í sì í fi ọ̀wọ̀ tiwọn ṣeré. Láàárọ̀ ọjọ́ kan, wọ́n bá wa níbi tí a tò sí, wọ́n dúró síwájú mi, wọ́n ń retí. Garawa wà lọ́wọ́ mi. Ọkàn mi ti dọ̀bálẹ̀, ẹ̀yìn mi kò tẹ̀. Mo ní, "Ẹ káàárọ̀, bàbá," mo sì gbé omi fún ẹni tó kàn. Wọ́n wò mí láti orí dé ẹsẹ̀, wọ́n bá tiwọn lọ.

Kò pẹ́ tí alárinà wa fi dé, ìyá àgbà tó ń bá wa gbé ọ̀rọ̀ lọ gbé ọ̀rọ̀ bọ̀. Ó ní bàbá ní ẹni tí kò lè dọ̀bálẹ̀ fún àwọn níta, kó má wulẹ̀ wá dọ̀bálẹ̀ nílé. Inú bí mi gan-an. Ó kù díẹ̀ kí n ju garawa wọn sódò. Olùkọ́ wa kàn wò mí, ó ní, "Iná ò mọ àna."

Ọyẹ́ ọdún yẹn kò tíì lọ tí fèrè fi dún lọ́sàn-án ọjọ́ kan. A sáré, àfi bí a ṣe rí i pé ilé bàbá yìí gan-an ló ń jó. A tò láti odò Kúdẹtì. Bàbá dúró gbagidi sáàárín ọ̀nà, wọ́n ń fi omi inú bútà àlùwàlá wọn wọ́n iná. Mo gba bútà náà, mo gbé garawa lé wọn lọ́wọ́.

Mo ní, "Bàbá, ẹ gbé e síwájú."

Ẹnu yà wọ́n, ṣùgbọ́n wọ́n gbé e. Òmíràn dé, wọ́n tún gbé e. Ẹnu èyí la wà tí ẹ̀gbọ́n wọn, olórí agboolé, fi yọ. Mo rí i tí bàbá fẹ́ dọ̀bálẹ̀ fún wọn, tí garawa ń fì. Mo di etí garawa mú, mo ní, "Bàbá, omi o." Wọ́n nàró padà. Ojú ń tì wọ́n, mo mọ̀, torí ó ti ṣe èmi náà rí. Wọ́n ní, "Ẹ káàbọ̀, ẹ̀gbọ́n mi," ọwọ́ wọn kò sì dúró.

Òrùlé yàrá kan péré ni iná jó. Nígbà tí èéfín rọlẹ̀, mo lọ bá àna mi, mo dọ̀bálẹ̀ síwájú wọn nínú ẹrẹ̀ àti eérú. Wọ́n na ọwọ́ sí mi.

"Dìde, ọmọ mi," ni wọ́n wí. "Láti ìgbà tí iná ti ràn lo ti ń kí mi."

Wọ́n wá gbé garawa òfìfo kan fún mi, wọ́n ní kí n lọ gbé e fún ọmọbìnrin wọn lẹ́yìnkùlé, pé omi ti tán nílé.