Ìlà Búlọ́ọ̀kù Kan ní Jeddo

Ẹni tó bá gba Jeddo, lẹ́bàá Warri, kọjá lónìí yóò rí i pé gọ́tà ńlá tí wọ́n ń wà níbẹ̀ kò lọ tààrà. Ó ń bọ̀ láti apá Ubeji bí okùn tí ènìyàn nà sílẹ̀, àfi ìgbà tó dé ẹ̀yìn ilé ọkùnrin kan tó ń jẹ́ Adédèjì tó yà sí apá òsì, tó yẹra fún ilé náà, tó wá la àárín ilẹ̀ kan kọjá. Kò sí nǹkan kan lórí ilẹ̀ ọ̀hún ju koríko àti igi ìbẹ́pẹ lọ. Ilẹ̀ Yéjídé ni, òun àti ọkọ rẹ̀. Ìdí tí gọ́tà náà fi yà ni ohun tí ìtàn yìí fẹ́ sọ.

Télọ̀ ni Yéjídé. Yunifọ́ọ̀mù àwọn ọmọ iléèwé ló ń rán ní Ovwian, nínú ṣọ́ọ̀bù kan lẹ́bàá títì, láti ìgbà tó ti ń pọn Cynthia, ọmọ rẹ̀ kan ṣoṣo, títí Cynthia náà fi di ìyá ọlọ́mọ. Iṣẹ́ iná ni Adéfọláhàn, ọkọ rẹ̀, ń ṣe. Láti Effurun títí dé Udu, ó ṣòro láti rí àdúgbò tí kò tíì fa wáyà sí. Ó mọ yàrá ọlọ́yàrá bí ẹní mọ àpò ara rẹ̀, ó sì máa ń sọ fún onílé ibi tó yẹ kí fèrèsé kọjú sí kí atẹ́gùn lè rí ọ̀nà wọlé. Ṣùgbọ́n ní ti òun alára, yàrá méjì lókè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì onílé ló ń gbé.

Ọmọ Ìjẹ̀bú ni tọkọtaya náà, ìlú wọn kò jìnnà sí Ìjẹ̀bú-Igbó. Àwọn ará ìlú wọn tó wà ní Warri ní ẹgbẹ́ kan, tí wọ́n ń pàdé ní pálọ̀ ẹnìkan nínú wọn lọ́jọ́ Ìsinmi lẹ́yìn ṣọ́ọ̀ṣì. Òfin kan wà nínú ẹgbẹ́ náà tí ẹnikẹ́ni kò kọ sílẹ̀, tí kò sì sẹ́ni tí kò mọ̀ ọ́n: ilé baba ẹni ni à ń kọ́kọ́ kọ́lé sí, kí a tó ronú ilé lájò. Ẹni tó bá dìde sọ̀rọ̀ lójú ìpàdé tí kò tíì ní òrùlé nílé, wọn kò ní bú u, wọn yóò kàn béèrè pé níbo ni yóò gbé àlejò sí bó bá délé. Ẹni náà yóò jókòó.

Yéjídé kò fi ọ̀rọ̀ yìí ṣeré, ó sì ní ìdí. Ọmọdébìnrin ni nígbà tí bàbá rẹ̀ kú sí Sapele níbi tó ti ń ṣiṣẹ́ igi gẹdú. Wọ́n gbé òkú rẹ̀ délé, kò ní ilé. Fàràńdà mọ̀lẹ́bí kan ni wọ́n gbé pósí sí, ìyàwó mọ̀lẹ́bí náà sì ń jáde wá wò wọ́n lóòrèkóòrè, ó ń béèrè bóyá ó kù díẹ̀, nítorí òun fẹ́ gbálẹ̀. Yéjídé rí ìgbálẹ̀ náà lọ́wọ́ rẹ̀. Kò gbàgbé rẹ̀ rí.

Nítorí náà, nígbà tí Adéfọláhàn ra ilẹ̀ sí Jeddo lọ́wọ́ ìdílé Okpe kan, àwọn tó ni ilẹ̀ ibẹ̀, nígbà tí ibẹ̀ ṣì jẹ́ igbó tí kẹ̀kẹ́ kò fẹ́ dé, inú ìyàwó rẹ̀ kò dùn, ṣùgbọ́n kò tíì bá a jà. Ọkùnrin náà gba sọ́fè, ó bẹ ayàwòrán ilé kan pé kó ya púláànù fún òun. Kí ayàwòrán tó yà á, òun fúnra rẹ̀ ti fi ṣọ́ọ̀kì tí Yéjídé fi ń sàmì sí aṣọ ya ilé náà sílẹ̀ẹ́lẹ̀ ní àgbàlá ilé onílé. Ó mú Cynthia kékeré lọ́wọ́, ó ń mú un wọ yàrá jáde ní yàrá. Ibi tó pẹ́ sí jù ni fàràńdà iwájú. Ó ní ibẹ̀ ni òun yóò máa jókòó sí bí àkàbà bá sú òun, kí òun máa wo ẹni tó ń lọ àti ẹni tó ń bọ̀, kí atẹ́gùn máa fẹ́ sí òun láti ẹ̀yìn. Cynthia béèrè lọ́wọ́ rẹ̀ pé, "Daddy, where my own room dey?" Ó sì fi ẹsẹ̀ tọ́ka sí i.

Ó gbé púláànù lọ sí ọ́fíìsì ìjọba tó ń fọwọ́ sí ilé kíkọ́, èyí tí tọmọdé tàgbà ń pè ní Town Planning. Wọ́n dá a padà lẹ́ẹ̀kan nítorí pé ṣaláńgá sún mọ́ kànga jù. Ó tún un yà, ó padà lọ, wọ́n wá wo ilẹ̀, wọ́n sì lù ú lóǹtẹ̀. Nígbà tí òun àti ìyàwó rẹ̀ lọ gbà á, ọkùnrin tó wà nídìí tábìlì kìlọ̀ fún wọn pé àṣẹ náà kò wà títí láé. Bí ọdún méjì bá kọjá tí wọn kò bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, ó ti kú nìyẹn. Ṣùgbọ́n bí ìpìlẹ̀ bá ti wà nílẹ̀, bó ti wù kó kéré mọ, àwọn yóò kà á sí pé iṣẹ́ ti bẹ̀rẹ̀.

Yéjídé gbọ́ ọ, etí rẹ̀ kò di. Àmọ́ lójú tirẹ̀, ohun tí ìjọba bá ti lù lóǹtẹ̀, ó dà bí rìsíìtì ilẹ̀: bí a bá pa á tì, kì í bàjẹ́. Ó ká púláànù náà sínú àpótí tó ń kó aṣọ òkè ìgbéyàwó rẹ̀ sí, ó sì sọ fún ọkọ rẹ̀ pé ìwé kì í jẹrà, nílé ni kí àwọn ti kọ́kọ́ kọ́lé. Adéfọláhàn jẹ́ onísùúrù ènìyàn. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ ilé ní Ìjẹ̀bú.

Adédèjì ni kò tẹ̀ lé òfin. Ọmọ ìlú wọn ni, ẹlẹgbẹ́ Adéfọláhàn, wọ́n jọ ra ilẹ̀ Jeddo lójú kan náà ni. Kò ní ìpìlẹ̀ kankan nílé, bẹ́ẹ̀ ló kó yanrìn sí Jeddo tó sì bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́. Ẹgbẹ́ fi í ṣe yẹ̀yẹ́ títí, Yéjídé gan-an ló sì sọ ọ́ ní ọmọ Okpe. Bó bá ti wọlé ìpàdé, Yéjídé á ní kí wọ́n sún fún ọmọ Okpe kó rí ibi jókòó, pálọ̀ á sì dún fún ẹ̀rín. Òun náà á rẹ́rìn-ín, á jókòó.

Ní ọjọ́ ìpàdé kan, nígbà tí ọdún méjì náà ń lọ sópin, Adédèjì dúró lẹ́nu ọ̀nà lẹ́yìn àdúrà ìparí. Ó ti mọ bí àṣẹ ilé kíkọ́ ti ń kú, nítorí òun náà gba irú rẹ̀.

Ó ní, "Àwé, búlọ́ọ̀kù mi ṣẹ́kù. Ẹ jẹ́ kí bíríkìlà mi to ìlà kan ṣoṣo sílẹ̀ fún yín, kí Town Planning lè rí i pé ẹ ti bẹ̀rẹ̀. Ìgbà tó bá wù yín ni kí ẹ padà sí i."

Adéfọláhàn ti la ẹnu. Gbogbo ẹni tó wà lẹ́nu ọ̀nà ló rí i pé ó fẹ́ sọ̀rọ̀, ojú rẹ̀ sì ti dán. Ṣùgbọ́n Yéjídé yára jù ú lọ.

Ó ní, "Ẹ ṣeun, ọmọ Okpe. Ìpìlẹ̀ ilé ọkọ mi kì í ṣe ohun tí à ń fi ìyókù búlọ́ọ̀kù ẹlòmíràn ṣe. Ọjọ́ tí a bá fẹ́ fi í lélẹ̀, àwọn àgbà yóò wá láti ilé."

Wọ́n rẹ́rìn-ín. Adéfọláhàn pa ẹnu dé, ó bọ bàtà rẹ̀ sí ẹsẹ̀, ó ní kí àwọn máa lọ.

Ilé Ìjẹ̀bú parí. Ilé tó dára ni, wọ́n fi páànù aláwọ̀ pupa bò ó, wọ́n ṣí i, àlùfáà wá gbàdúrà sí i. Wọ́n sùn níbẹ̀ ní Kérésìmesì bíi mélòó kan. Lẹ́yìn náà, ọ̀nà di eléwu, owó ọkọ̀ di ọ̀wọ́n, Cynthia lọ́kọ sí Effurun, ilé sì wà ní títì. Àbúrò Adéfọláhàn tí wọ́n fún ní kọ́kọ́rọ́ sọ pé àdán ti wọ àjà.

Ọdún ń gorí ọdún. Orúnkún Adéfọláhàn kò gba àkàbà mọ́, nígbà tó sì yá, kò fẹ́ gba pẹ̀tẹ́ẹ̀sì. Lọ́dún tó kọjá ni lánlọ́ọ̀dù wọn kú, àwọn ọmọ rẹ̀ ta ilé náà, wọ́n sì ní kí gbogbo ayálégbé wá ibòmíràn. Yàrá àti pálọ̀ ni Cynthia àti ọkọ rẹ̀ ń gbé pẹ̀lú àwọn ọmọ wọn, kò sí àyè. Yéjídé bá ṣí àpótí. Ó yọ púláànù náà lábẹ́ aṣọ òkè, òǹtẹ̀ rẹ̀ kò ṣá. Ó sọ fún ọkọ rẹ̀ pé yàrá méjì péré pẹ̀lú fàràńdà ni àwọn yóò kọ́kọ́ kọ́, kó lè bọ́ lọ́wọ́ pẹ̀tẹ́ẹ̀sì. Bí àṣẹ náà kò bá ṣeé sọ jí, kò sí ibi tí àwọn yóò dúró sí ní Warri mọ́. Ọkọ rẹ̀ wò ó, ó ní kó lọ wò ó.

Obìnrin kan ló bá nídìí tábìlì ní Town Planning báyìí, ọmọdé sí i, ṣùgbọ́n ó ní sùúrù. Ó yẹ púláànù wò níwá lẹ́yìn. Ó ní, "Mama, dis paper don die since," pé ṣùgbọ́n èyí kì í ṣe ìṣòro, púláànù tuntun ṣeé gbà. Ohun tó kù ni kí àwọn lọ wo ilẹ̀.

Wọ́n lọ. Yéjídé rí àwọn igi kéékèèké tí wọ́n kun ní ọ̀dà pupa, wọ́n ti ẹ̀yìn ilé Adédèjì wá, wọ́n sì la ilẹ̀ rẹ̀ já. Ó kọ́kọ́ rò pé àwọn ọmọdé ló rì wọ́n mọ́lẹ̀. Obìnrin náà na téèpù, ó kọ nǹkan, ó tún na téèpù. Lẹ́yìn náà ló ṣàlàyé pé gọ́tà ìjọba nìyẹn, tí omi gbogbo Jeddo yóò máa gbà, àti pé ilé gbígbé kò gbọdọ̀ sún mọ́ ọn. Ilẹ̀ tó ṣẹ́kù gba ṣọ́ọ̀bù kan. Kò gba ilé.

Yéjídé bi í léèrè ìdí tí ìlà náà kò fi lọ tààrà. Obìnrin náà tọ́ka sí ilé Adédèjì.

Ó ní, "Mama, na house dem meet for there, so dem bend am. If to say foundation dey your own side that time, even one line of block, dem for bend am go other side. But na empty land dem see."

Yéjídé yíjú sí ilé náà. Adédèjì ti jáde, ó gbé àga dání fún un. Ó ti darúgbó, eyín rẹ̀ méjì ti yọ.

Ó ní, "Ẹ jókòó, ìyàwó wa. Ọmọ Okpe kí yín káàbọ̀."

Ẹ̀rín ló fi sọ ọ́, kò sí ẹ̀gàn nínú rẹ̀. Bímbọ́lá ìyàwó rẹ̀ gbé omi wá. Yéjídé jókòó sí fàràńdà wọn, ó mu omi, ó sì ń wo àwọn ènìyàn tó ń lọ àti àwọn tó ń bọ̀. Láti ẹ̀yìn ni atẹ́gùn ti ń fẹ́, gẹ́gẹ́ bí Adéfọláhàn ti wí pé yóò rí.

Nígbà tó délé, ọkọ rẹ̀ wà lórí ibùsùn, ó na ẹsẹ̀. Ó rò fún un bó ṣe rí, kò fi ibì kan pamọ́. Adéfọláhàn fetí sílẹ̀ títí ó fi parí.

Ó ní, "Mo ti rí àwọn igi pupa náà nígbà tí mo lọ kí Adédèjì."

"Ẹ rí i, ẹ ò sọ fún mi?"

"Kí n sọ kí ni, Ìyá Cynthia?"

Yéjídé jókòó sẹ́bàá ibùsùn. Nígbà tó sọ̀rọ̀, ohùn rẹ̀ kéré. Ó ní, "Lọ́jọ́ ìpàdé yẹn, ẹ̀ bá ti dá Adédèjì lóhùn."

"O ti dáhùn fún àwa méjèèjì."

Kò pariwo, kò sì tún ọ̀rọ̀ náà sọ mọ́ láéláé. Ìbá sàn fún Yéjídé ká ní ó pariwo.

Cynthia wá bá wọn di ẹrù tí wọn yóò kó lọ sí Ìjẹ̀bú. Yéjídé bi í ní Yorùbá bóyá yóò máa kó àwọn ọmọ wá sí Ìjẹ̀bú lásìkò ìsinmi. Cynthia ń ká aṣọ bàbá rẹ̀, kò gbójú sókè. Ó ní, "Mummy, which road? And who dem go play with? Dem no sabi anybody for there." Yéjídé alára kò mọ ẹnikẹ́ni níbẹ̀ tó ṣì wà láàyè ju àbúrò ọkọ rẹ̀ lọ. Òun tó fi ọjọ́ ayé rẹ̀ jà fún ilé yẹn, ìgbà tí wọ́n gbé ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀ sínú ọkọ̀ ló mọ̀ pé òun kò fẹ́ lọ.

Ní Ìjẹ̀bú báyìí, fàràńdà wà. Adéfọláhàn kì í gun pẹ̀tẹ́ẹ̀sì mọ́. Ní ìrọ̀lẹ́ á gbé àga síta, á jókòó. Àwọn tó ń kọjá máa ń kí i dáadáa, nítorí wọ́n ti kọ́ wọn láti máa bọ̀wọ̀ fún àlejò.

Lọ́jọ́ kan, ọ̀dọ́mọbìnrin kan tó ru igi dúró, ó kúnlẹ̀ díẹ̀ pẹ̀lú igi lórí, ó ní, "Ẹ kú àbọ̀ o, Bàbá Warri. Ìgbà wo lẹ ń padà?"

Adéfọláhàn rẹ́rìn-ín músẹ́. Ó ní, "Ó ku díẹ̀ kí ilé wa níbẹ̀ parí, ọmọ mi. Bó bá ti parí, a ó máa lọ."

Yéjídé wà ní pálọ̀ nídìí ẹ̀rọ rẹ̀, ó ń rán etí aṣọ. Ó gbọ́. Ó dá ẹsẹ̀ dúró lórí ẹ̀rọ, kò sì tún gbé e títí ọmọbìnrin náà fi dágbére, tó sì kọjá.