Ọwọ́ Òsì Tí Mo Kọ́ Ọmọ Náà

Ẹ ò ní gbà mí gbọ́, mo sì mọ̀. Bí ẹlòmíràn bá sọ fún èmi náà pé àgbàlagbà kan fẹ́ lé odidi ẹgbẹ́ ọmọdé kúrò nínú ọgbà nítorí pé ọmọ ọdún méjìlá na ọwọ́ sí i, n óò ní kó lọ fi omi tútù bọ́jú. Ṣùgbọ́n ojú mi ló ṣe. Bí ẹ bá rí mi tí mo ń ṣe yẹ̀yẹ́ nínú ìtàn yìí, ẹ má jẹ́ kó tàn yín. Yẹ̀yẹ́ ni okùn tí mo fi so ìbínú mi mọ́lẹ̀.

Ọ̀gá sikáòtù ni mí. Láàárín ọ̀sẹ̀, ẹrù tó ń ti inú ọkọ̀ ojú omi bọ́ sílẹ̀ ní Kírikírì ni mò ń kà. Tó bá di Sátidé, n óò wọ ṣòkòtò péńpé kaki, n óò so sikáàfù mọ́rùn, n óò wá máa gba àárín Àmùkòkò kọjá bí ọmọ iléèwé tó ti gbàgbé ọ̀nà ilé láti ogójì ọdún sẹ́yìn.

"Bàbá onípéńpé, ẹ ò tíì jáde níwèé mẹ́fà?" Àwọn mẹkáníìkì nìyẹn.

"Ìwé tí ẹ̀yin sá fún ni mò ń bá yín kà!"

Àwọn ọmọ wa, oríṣiríṣi ni wọ́n. Bàbá ẹlòmíràn ń kírun, ìyá rẹ̀ wà nínú kwáyà. Alfa kan ti bá mi jà rí pé ìka mẹ́ta tí a fi ń kí ara wa, Mẹ́talọ́kan ni mò ń dọ́gbọ́n kọ́ ọmọ òun. Kò pé ọ̀sẹ̀ méjì, wòlíì kan dé, ó ní àmì awo ni. Mo ní kí àwọn méjèèjì lọ jókòó, kí wọ́n fẹnu kò sórí ẹ̀ṣẹ̀ kan ṣoṣo, kí n lè mọ èyí tí n óò bẹ̀bẹ̀ fún. Wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n sì fi ọmọ wọn sílẹ̀ fún mi.

Ọmọbìnrin ọdún méjìlá tí mò ń sọ yìí, ogun ló lé òun àti ìyá rẹ̀ kúrò ní Bọ̀rnó. Bàbá rẹ̀ ò bá wọn dé. Ìyá rẹ̀ ń fi ọwọ́ rán fìlà lẹ́nu ọ̀nà yàrá kan ní Àmùkòkò. Àwọn ọmọ àdúgbò ló mú ọmọ náà wá sọ́dọ̀ wa. Oṣù méjì gbáko ló fi ń dúró sí ìparí ìlà, ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì lábẹ́ híjáàbù. Kì í fọwọ́ kan ẹnikẹ́ni.

Lọ́jọ́ kan mo ń ṣàlàyé ìdí tí sikáòtù fi ń fi ọwọ́ òsì kí ara wọn. Mo ní láyé àtijọ́, ọwọ́ òsì ni jagunjagun fi ń di asà mú. Ẹni tó bá na òsì sí ọ ti gbé asà rẹ̀ sílẹ̀ nìyẹn. Ó ní òun fọkàn tán ọ.

Ó fèsì láti ẹ̀yìn, ìgbà àkọ́kọ́ tí mo gbọ́ ohùn rẹ̀: "Ọ̀gá, if pesin drop am, dem no go shoot am?"

Mo ní, "For here? Lójú mi? Ẹnikẹ́ni ò tó bẹ́ẹ̀."

 Ó wá yọ ọwọ́ òsì lábẹ́ híjáàbù, ó nà án sí mi.

Láti ìgbà náà, ohun kan ṣoṣo ló ń béèrè: ọjọ́ wo ni wọn óò so sikáàfù mọ́ òun náà lọ́rùn?

Ọjọ́ náà pé. Inú ọgbà iléèwé kan ní Olódì-Àpápá la ti ń ṣe ayẹyẹ ìlérí náà, alága ìgbìmọ̀ tó ń bójú tó ọgbà náà, bàbá arúgbó kan, ló sì máa ń yọ̀ǹda rẹ̀ fún wa. Mo ní kó wá so sikáàfù mọ́ àwọn ọmọ lọ́rùn, kí inú rẹ̀ lè dùn. Mo sọ ibi tó máa jókòó fún un. Mo bi í irú mínírà tó máa mu. Ọ̀rọ̀ ọwọ́ òsì, mo gbàgbé láti sọ ọ́ fún un pátápátá, èmi ọmọ Yorùbá!

Ọmọ náà ló kọ́kọ́ jáde. Ó ṣèlérí pé òun óò ṣe ojúṣe òun sí Ọlọ́run àti sí orílẹ̀-èdè òun. Orílẹ̀-èdè wo? Èyí tí kò lè ṣọ́ bàbá rẹ̀? Ó ṣèlérí náà síbẹ̀, kò kólòlò. Bàbá so sikáàfù. Ọmọ na ọwọ́ òsì.

"Kí lèyí?"

"Bàbá, ẹ má bínú, bí àwa sikáòtù ṣe..."

"Ọwọ́ òsì! Sí èmi, tí mo tó bí bàbá ẹ̀!" Ó gbá ọwọ́ náà dànù, pàá. "Níbi tí wọ́n ti ń dúńbú èèyàn bí ẹran ló ti wá, kí lẹ fẹ́ kó mọ̀? Ẹ kó ẹrù yín. N ò fẹ́ rí ẹ̀yà yín nínú ọgbà yìí mọ́!"

Mo dọ̀bálẹ̀ gbalaja nínú eruku, tèmi ti péńpé. Èyí ò burú; àgbà ni, èmi ni mo sì gbàgbé. Ṣùgbọ́n bí mo ṣe dìde, tí mo wo ọgbà, tí mo wo àwọn ọmọ tó kù lórí ìlà, mo kọjú sí ọmọ náà.

"Kúnlẹ̀. Bẹ Bàbá. Ọ̀tún ni kó o nà."

Ó wò mí. Kò wo bàbá náà rárá o, èmi ló wò. Ó kúnlẹ̀. Ó na ọ̀tún.

Ni ara bàbá bá rọlẹ̀, ó mu mínírà rẹ̀. Gbogbo àwọn ọmọ yòókù fi ọ̀tún kí i. Àwọn òbí ń gbá mi léjìká: "Ọ̀gá, ẹ gbọ́n o. Ẹ gba ọgbà wa padà." Ọgbọ́n ìranù! Mo bínú sí bàbá náà títí dé ilé. Nígbà tí mo bọ́ ṣòkòtò, mo rí i pé bàbá náà ò mọ ìtàn asà. Èmi mọ̀ ọ́n. Èmi ni mo sọ ọ́ fún ọmọ náà.

Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, mò ń múra ṣọ́ọ̀ṣì nígbà tí wọ́n kanlẹ̀kùn. Òun ni. Ó ti fọ sikáàfù náà, ó ti lọ̀ ọ́, ó ká a bí ìwé.

"Ẹ káàárọ̀, sà." Ó kúnlẹ̀.

 Mo na ọwọ́ òsì mi sí i.

Ó wo ọwọ́ náà. Òsì tiẹ̀ wà lábẹ́ híjáàbù. Ó mi orí.

"Ọ̀tún, sà," ló wí. Kò dá sikáàfù náà padà lé mi lọ́wọ́ títí mo fi na ọ̀tún.