Àkòdì Onírun Búlúù

Onírun Búlúù ni gbogbo ọ́fíìsì ń pe ọ̀dọ́bìnrin ayàwòrán ilé náà, nítorí àwọ̀ tó fi kun irun orí rẹ̀. Pákó pẹlẹbẹ onítáyà mẹ́rin ló ń gùn wá síbi iṣẹ́. Ọ̀gá rẹ̀ máa ń sọ pé, "Ọwọ́ ọmọ yìí dáa, orí ẹ̀ ni ò tíì balẹ̀."

Àtẹ̀gùn àti ilé ìgbọ̀nsẹ̀ ni wọ́n ń gbé fún un yà. Ṣùgbọ́n bí àwọn yòókù bá lọ jẹun ọ̀sán, ìlú tirẹ̀ ló ń yà: agbo ilé tó gun orí ara wọn dé àjà keje, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan ní àkòdì láàárín, irú èyí tí ìyá ìyá rẹ̀ dàgbà sí, níbi tí òrùlé mẹ́rin ti ń da omi òjò sínú kòtò kan ṣoṣo. Kòtò tirẹ̀ rí roboto, ó dán bí inú igbá. Bí òjò bá dá tí kòtò sì gbẹ, àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ tí ẹ̀ṣọ́ ń lé kúrò níwájú gbogbo báńkì á máa fi pákó wọn yí níbẹ̀.

Lọ́jọ́ kan, tẹ̀gbọ́n-tàbúrò mẹ́ta wá wo àwòrán ilé tí wọ́n fẹ́ kọ́. Nọ́ọ̀sì tó ti fẹ̀yìn tì ni wọ́n, opó sì ni wọ́n. Wọ́n fẹ́ jọ máa gbé. Ọ̀gá tẹ́ àwòrán sílẹ̀: ọ̀dẹ̀dẹ̀ gígùn, yàrá lọ́tùn-ún lósì.

Ẹ̀gbọ́n àgbà wò ó títí. "Wọ́ọ̀dù lèyí. Ogójì ọdún la lò ní wọ́ọ̀dù."

Èyí àárín ti rìn dé ìdí tábìlì Onírun Búlúù. "Ta ló ya èyí?"

"Èmi ni, mà. Eré ni mo fi ń ṣe."

"Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ wá wo eré."

Àbúrò wọn ní, "Bí mo bá wá ré sínú kòtò yìí ńkọ́?"

Onírun Búlúù kúnlẹ̀, ó fi tépù wọn ìṣísẹ̀ màmá náà, ó sì ya irin ìdìmú yí etí kòtò ká lójú wọn. Ọ̀gá mú pẹ́ńsù tirẹ̀. "Òrùlé yìí á jò níbi igun. Jẹ́ ká jọ tún un ṣe."

Ilé ilẹ̀ kan, tó ní àkòdì àti kòtò láàárín, ni wọ́n kọ́ níkẹyìn. Nígbà òjò àkọ́kọ́, àwọn màmá gbé àga sí etí àkòdì, lábẹ́ òrùlé, wọ́n ń wo omi bí ẹni ń wo tẹlifíṣọ̀n. Nígbà tí ẹ̀ẹ̀rùn dé, àwọn ọ̀rẹ́ Onírun Búlúù kó pákó dé. Ẹni àkọ́kọ́ tó bó lórúnkún, ìyá mẹ́ta ló dìde sí i pẹ̀lú òwú àti báńdéèjì.

"Olórí kunkun, jókòó dáadáa. Ẹsẹ̀ òsì lò ń tì síwájú jù, a rí ẹ."

Lóṣù tó tẹ̀ lé e, ọ̀gá gbé iṣẹ́ ilé ìkàwé kan lé Onírun Búlúù lọ́wọ́. Ọmọbìnrin náà bi í pé àjà mélòó ni kóun yà.

Ọ̀gá ní, "Yà á ná."