Ààbọ̀ Hóró Ṣúgà

Nígbà tí mo wà ní kékeré, tí mo ṣì ní láti gun àpótí kí ọwọ́ mi tó kan orí tábìlì, hóró ṣúgà kan péré ni ọmọ kọ̀ọ̀kan ń rí fún ògì rẹ̀ nílé wa ní Ìsàlẹ̀ Èkó. Ẹ̀yin tí a jọ dàgbà lẹ́yìn Ìga Ìdúngànràn kò ní gbàgbé. Ìyá àgbà, ìyá tó bí bàbá mi, ló ń pín in. Inú agolo mílíìkì kan tó ti dípẹtà ni wọ́n ń kó o sí, abẹ́ ibùsùn wọn ni agolo náà sì ń gbé.

A kì í ra ṣúgà yẹn. Sààrà ni. Bí ará àdúgbò bá sọmọ lórúkọ, tàbí tí ó bá ṣe fìdáù òkú, ààfáà á gbàdúrà sí ṣúgà, a ó sì pín in kiri ojúlé. Ìyá àgbà máa ń sọ pé ẹni tó bá kọ sààrà, àdúrà ló kọ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi ọ̀rọ̀ yẹn sọ́kàn, nítorí òun gan-an ló ń bá mi fa wàhálà lónìí.

Nínú ààwẹ̀ ọdún kan, ojúkòkòrò mú mi. Mo rá wọ abẹ́ ibùsùn, mo kó hóró mẹ́rin, mo dì wọ́n mọ́ etí ìborùn tí mo fi ń lọ ilé kéú. Mo jẹ méjì, mo sùn lé méjì. Kí ilẹ̀ tó mọ́, èèrà ti tò láti ẹnu ọ̀nà dé orí ẹní mi. Ìyá àgbà kò nà mí. Wọ́n ní ọjọ́ méje gbáko, ògì mi kò gbọdọ̀ fojú kan ṣúgà. Ata ilẹ̀ àti kànáfùrù ni wọ́n gún sí i. Wọ́n ní, "Adùn ní í gbẹ̀yìn ewúro," wọ́n sì jókòó tì mí títí mo fi mu ún tán. Ọ̀fun ń ta mí, imú mi ń ṣomi, mo sì ń wo ife àwọn tó kù.

Ẹ̀gbọ́n mi, Àǹtí Mulíkà, tó fi ọdún mẹ́rin jù mí lọ, ló ṣàánú mi. Bí Ìyá àgbà bá ti yíjú, Àǹtí á fi eyín gé hóró tiwọn sí méjì, wọ́n á ju ààbọ̀ sínú ife mi. Ohun tí n kò sọ fún wọn títí dòní ni pé nígbà tó di ọjọ́ karùn-ún, ògì ata ilẹ̀ yẹn ti mọ́ mi lẹ́nu. Mo kàn ń gba ààbọ̀ ṣúgà náà nítorí pé ọwọ́ wọn ló ti wá ni.

Àǹtí Mulíkà ti di Àlhájà báyìí, ìtọ̀ ṣúgà sì ti mú wọn láti ọdún mélòó kan. Egbò kan wà ní ọmọ ìka ẹsẹ̀ wọn tó kọ̀ tí kò jinná. Dókítà là á mọ́lẹ̀: bí ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ kò bá wálẹ̀, òun máa gé ìka náà, òun kò sì lè ṣèlérí pé ibẹ̀ ni ọ̀bẹ máa dúró. Kí wọ́n fi ṣúgà àti ọtí ẹlẹ́rìndòdò sílẹ̀, kí wọ́n máa mu omi. Ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi, kí ló le nínú ìyẹn?

Nínú ààwẹ̀ tó kọjá, mo dé ilé wọn ní títì Adéníjì Adélé, mo bá wọn tí wọ́n ń da ṣúgà sínú ògì ìṣínu.

"Àǹtí mi, kí lẹ̀ ń ṣe yẹn?"

"Ramọ́tà, ṣúgà sààrà ni. Ààfáà ti gbàdúrà sí i. Kò lè ṣe mí ní nǹkan kan."

Mo gba ṣúgà lọ́wọ́ wọn. Nígbà tí mo tún padà dé, oyin tí wọ́n rà ní ọjà Sandgrouse ni, ṣíbí ńlá mẹ́ta. Wọ́n ní oyin kì í ṣe ṣúgà, ìwòsàn ló wà nínú ẹ̀. Mo ní bó bá ti dénú ẹ̀jẹ̀, iṣẹ́ kan náà ni wọ́n ń ṣe. Mo gbé oyin lọ, ló bá tún kan sóbò inú ike, tí ẹni tó tà á búra pé kò sí ṣúgà níbẹ̀, bẹ́ẹ̀ ó ń lẹ̀ mọ́ mi lọ́wọ́. Ó sú mi. Inú bí mi débi pé mo sunkún ní ọ̀nà ilé.

Nígbà tí ààwẹ̀ ku ọjọ́ mẹ́ta, mo gbé odó kékeré dání lọ. Mo gún ata ilẹ̀ àti kànáfùrù sínú ògì díẹ̀, mo bù ú sí ife tiwọn àti tèmi, mo bu mọ́ínmọ́ín tó pọ̀ tì í. Àǹtí mu ẹnu kan, wọ́n wò mí.

"Ògì ìyà ẹ rèé."

A rẹ́rìn-ín títí. Àfi bí ará ilé kejì ṣe kan ilẹ̀kùn, tó gbé páálí ṣúgà sààrà wá. Àǹtí gbà á, wọ́n ṣe àmín, ọwọ́ wọn sì ti ń tú u.

Mo ní, "Ẹ mú àdúrà ẹ̀, kí ẹ fún mi ní ṣúgà ẹ̀. Mi ò ní kí ẹ kọ sààrà."

Láyé ọjọ́un, àfi tí wọ́n bá bímọ tàbí tí èèyàn bá kú kí ṣúgà tó wọlé wa. Lónìí ó wà nínú búrẹ́dì, ó wà nínú ike, ó wà nínú gbogbo ohun tí a ń gbé sẹ́nu láti àárọ̀ dalẹ́, bí ẹni pé ojoojúmọ́ là ń sọmọ lórúkọ. Nígbà náà, ààbọ̀ hóró ni Àǹtí ń fún mi, ó sì tó mi. Ní báyìí, gbogbo ẹ̀ ni mò ń tọrọ.

Wọ́n ti páálí náà sọ́dọ̀ mi, ṣùgbọ́n wọ́n ti yọ hóró kan. Wọ́n fi eyín gé e sí méjì, wọ́n ju ààbọ̀ sínú ife mi. Ààbọ̀ kejì wà láàrin ìka wọn. Mo na ọwọ́ mi, n kò sì ká a kò títí wọ́n fi gbé ìyẹn náà lé e.