Aṣọ Funfun Gàmálíẹ́lì

Kànfọ̀ àti ìwé àtijọ́ ni ilé bàbá arúgbó tí mo ń tọ́jú ní òpópónà Grand Concourse, lókè òkun níbí, máa ń rùn. Júù ni bàbá náà, tíṣà tó ti fẹ̀yìntì, ìtàn kì í sì í tán lẹ́nu wọn. Tí mo bá ń fi ìpara ra wọ́n lẹ́sẹ̀, ìtàn Gàmálíẹ́lì ni wọ́n máa ń sọ. Mo ní, "Olùkọ́ Pọ́ọ̀lù?" Wọ́n rẹ́rìn-ín: "Rárá o, ọmọ-ọmọ rẹ̀ tó ń jẹ́ orúkọ kan náà ni."

Ọ̀mọ̀wé ńlá ni, olórí ilé ẹ̀kọ́ wọn láyé àtijọ́, ṣùgbọ́n ó le bí ojú ẹja. Ó dójú ti ọ̀mọ̀wé ẹgbẹ́ rẹ̀ níwájú àwọn akẹ́kọ̀ọ́, ó fi í sórí ìdúró títí ara fi ta gbogbo wọn, ni wọ́n bá yọ Gàmálíẹ́lì nípò. Ìgbà tó lọ bẹ ọkùnrin náà nílé ló tó rí i pé èéfín ti sọ ògiri rẹ̀ di dúdú, òtòṣì ni. Láyé ìgbà yẹn, ìnáwó ìsìnkú wúwo ju ikú lọ. Àwọn kan á fi òkú sílẹ̀, wọ́n á fẹsẹ̀ fẹ́ ẹ. Nígbà tí Gàmálíẹ́lì fẹ́ kú, ó ní aṣọ ọ̀gbọ̀ lásán ni kí wọ́n fi wé òun. Látìgbà náà, bí wọ́n ṣe ń sin olówó ni wọ́n ń sin tálákà.

Bàbá náà kú nígbà òtútù. Aṣọ funfun, pósí pákó, kò sí òdòdó kankan. Kí n má purọ́ fún ọ, ojú tì mí fún wọn.

Òtútù yẹn ò tíì lọ tí ọkọ mi fi kú ní Parkchester. Àìsàn rẹ̀ ti gbọ́n ilé wa gbẹ. Àbúrò rẹ̀ pè mí láti East Flatbush: "Ìyàwó wa, pósí tó ń dán la fẹ́ o. Ṣé ẹ fẹ́ kí ayé fi wá ṣe yẹ̀yẹ́ ni?" Àwọn ará ṣọ́ọ̀ṣì gbè é lẹ́yìn, wọ́n ní ẹ̀yẹ ìkẹyìn ni. Ẹ̀yẹ kẹ̀! Rent ń dúró, àwọn ọmọ ń wò mí lójú. Mo ra aṣọ funfun, mo fọwọ́ ara mi rán an, mo ní kí wọ́n gbé pósí pákó wá.

Ní itẹ́ òkú, àbúrò ọkọ mi wo pósí náà, ó mi orí. "Ẹ sin ẹ̀gbọ́n mi bí ẹni tí kò léèyàn." Ó kúrò kí wọ́n tó da erùpẹ̀. Ó dùn mí wọra. Ọdún gorí ọdún, kò kí mi, èmi náà sì ń bi ara mi bóyá mo dójú ti ọkọ mi lóòótọ́.

Lọ́dún tó kọjá, ìyàwó rẹ̀ kú. Ó pè mí, ohùn rẹ̀ ti wálẹ̀ débi pé n kò kọ́kọ́ dá a mọ̀. "Ìyàwó wa, ẹ jọ̀ọ́, ibo lẹ ti rí pósí pákó yẹn?"

Mo mú aṣọ funfun, abẹ́rẹ́ àti òwú, mo wọ ọkọ̀ ojú irin subway lọ bá a. Ìgbà yẹn ni Gàmálíẹ́lì tó yé mi: ẹni tó ti dójú ti ẹlòmíì rí ló gba ẹ̀tẹ́ sórí òkú ara rẹ̀, kí ojú má baà ti tálákà mọ́. Àbúrò ọkọ mi di etí aṣọ mú fún mi, ó ń sunkún, mo sì ń rán an.