Àwo Kan Ṣoṣo Tí Àlhájì Fàtáì Fẹ́ Fọ́

Ní Ìsàlẹ̀ Gángan l'Ékòó, bí bàbá arúgbó kan bá kú, gbogbo èèyàn ló máa ń béèrè pé ta ló máa jogún ilé. Mọ̀núrù nìkan ló máa ń béèrè pé ta ló máa jogún àwo orin.

Mọ̀núrù tó ń tún rédíò ṣe ni mò ń wí. Ó ti lé lẹ́ni ọgọ́ta ọdún, kò lówó, kò joyè. Ṣùgbọ́n àwọn àwo kékeré tí wọ́n ń pè ní fọ́tífáìfù, èyí tó jẹ́ orin kan níwájú, orin kan lẹ́yìn, ó ní wọn lé nírinwó, nínú ṣọ́ọ̀bù tí èèyàn méjì ò lè jọ na ẹsẹ̀.

Ọgbọ́n tó fi ń rí wọn kò le. Fídáù ọjọ́ kẹjọ kì í fò ó. Bí àwọn tó kù bá jókòó ti ìrẹsì, yàrá olóògbé lòun máa ń ṣọ́, torí ọjọ́ yẹn gan-an làwọn ọmọ máa ń gbá yàrá bàbá wọn, tí wọ́n á máa da ẹrù síta bíi pé olè ló gbé ibẹ̀. Ó ti rí àwo tí wọ́n fi dé ìkòkò omi. Ó ti rí èyí tí wọ́n ki bọ omi gbígbóná, tí wọ́n tẹ̀ ẹ́ di abọ́ ẹ̀pà. Abọ́ ẹ̀pà! Orin tí bàbá wọn fi fẹ́ ìyá wọn!

Kì í sì í gbé àwo láìgbé ìtàn ẹ̀. Ó gbọ́dọ̀ rí arúgbó kan nílé yẹn bi léèrè pé ta ló kọ ọ́, ta ni wọ́n kọ ọ́ fún, kí ló ṣẹlẹ̀ lọ́jọ́ tí wọ́n kọ ọ́. Ó lè sọ fún ẹ pé ẹni tó ń súfèé nínú àwo kan báyìí kì í ṣe ara ẹgbẹ́ olórin rárá, káfíńtà tó wá kan ilẹ̀kùn sítúdíò ni.

Ohun tó ń dun Mọ̀núrù, tó sì yẹ kó dun ẹnikẹ́ni tó bá ní ìtìjú, ni pé àwọn tó kọ orin wọ̀nyí ló ń sá fún un jù. Ẹ bi Àlhájì kan léèrè pé kí ló ń ṣe nígbà tó wà lọ́mọ ogún ọdún. Á ní ilé kéwú lòun wà. Gbogbo wọn pátá! Ta ló wá ń wọ ṣòkòtò tó ń gbálẹ̀ lọ gbàrà nígbà náà? Ta ló ń dá irun bo etí? Ṣé àlejò ni wọ́n?

Ọ̀gá gbogbo wọn ni Àlhájì Fàtáì tó ń ta léèsì. Wọ́n fẹ́ fi jẹ Bàbá Àdínnì mọ́ṣáláṣí àdúgbò, ọjọ́ Jímọ́ọ̀ ọ̀sẹ̀ yẹn ni wọ́n máa wé láwàní fún un. Ní nǹkan bí àádọ́ta ọdún sẹ́yìn, Fàtáì yìí náà ló kọ orin kan tí wọ́n ń pè ní "Dúró Dè Mí ní Lafiaji". Látìgbà tó ti Mẹ́kà dé ló ti ń rán èèyàn kiri, kí wọ́n bá òun gba àwo yẹn, kí wọ́n sì fọ́ ọ. Níwájú ìgbìmọ̀ mọ́ṣáláṣí, ó ní irọ́ ni wọ́n ń pa mọ́ òun, òun ò kọrin ayé rí. Àwo kan ṣoṣo ló kù, ọwọ́ Mọ̀núrù ló wà.

Ọjọ́ Ajé ló kọ́kọ́ rán ìyàwó ẹ̀, Hàlímọ̀.

"Bàbá Ihsan, Àlhájì ní kí n kí yín o," ló wí fún Mọ̀núrù.

"Mo dúpẹ́, Àlhájà. Ṣé rédíò wọn ló tún dákẹ́ ni?"

"Rédíò kọ́. Àwo kan ni. Wọ́n ní ẹ jẹ́ káwọn rí i gbà, àwọn á dáṣọ Iléyá fún yín."

"Ẹ bá mi sọ fún wọn pé mo láṣọ."

"Ẹ̀ṣẹ̀ ni o, Bàbá Ihsan! Wọ́n ní obìnrin ni wọ́n ń pọ́n lé níbẹ̀."

"Ṣé ẹ̀yin kọ́ ni obìnrin ọ̀hún ni?"

Ìsàlẹ̀ Gángan níbí ni wọ́n ti bí Hàlímọ̀, kì í ṣe Lafiaji. Ó ní, "Ta ló ń gbé Lafiaji?"

Mọ̀núrù mọ̀ ọ́n. Rédíò tó wà níwájú ẹ̀ ló tẹjú mọ́. Hàlímọ̀ dìde, kò dágbére.

Nígbà tí Àlímọ̀t, ìyàwó Mọ̀núrù, gbọ́, kò rí i bí eré. "Ẹ gbé e fún wọn jàre. Ilé ẹbí Àlhájì ni ṣọ́ọ̀bù yẹn wà. Tí wọ́n bá lé yín jáde, ṣé orí mi lẹ máa kó irinwó àwo lé?"

Ọ̀rọ̀ yẹn wọ̀ ọ́ lára. Tó bá fún un láwo, orin yẹn ti parẹ́ láyé nìyẹn. Tí ò bá fún un, níbo ló fẹ́ kó àwọn tó kù sí?

Ní Ọjọ́bọ̀, lẹ́yìn ìrun Àsárì, Àlhájì fúnra ẹ̀ dé. Abdulmujeeb, akọ̀wé mọ́ṣáláṣí, tẹ̀ lé e pé kó wá ṣẹlẹ́rìí pé wọ́n fọ́ àwo náà. Ọmọ bí ogójì ọdún ni, kò bá ayé orin yẹn rárá.

"Mọ̀núrù, gbé e wá."

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ jókòó ná."

"Mi ò wá jókòó. Ṣé ìwọ lo ni ilé yìí ni, àbí èmi?"

Mọ̀núrù fa àwo náà yọ. Abdulmujeeb ló gbà á, ó yọ ọ́ nínú bébà, ó gbé e sún mọ́ ojú, ó ka àárín ẹ̀. Ńṣe ni ojú ẹ̀ là.

"Àlùhámúdù lílàhì! Àlhájì, orúkọ yín ò sí níbí o! Àlàó ni wọ́n kọ síbẹ̀. Àlàó àti Ẹgbẹ́ Ẹ̀. Òótọ́ lẹ sọ, wọ́n purọ́ mọ́ yín! Ẹ má fọ́ nǹkan kan mọ́, màá fi han ìgbìmọ̀."

Ó yẹ kí Àlhájì fò sókè fún ayọ̀. Kò fò. Ṣé ẹ rí i, láyé ìgbà yẹn, ẹni tó bá ni gìtá ló ni ẹgbẹ́, ẹni tó bá sì ni ẹgbẹ́ ni wọ́n ń kọ orúkọ ẹ̀ sáwo. Ẹni tí ohùn ẹ̀ dùn kàn ń gba owó ọkọ̀ lọ sílé ni.

"Àlàó náà mọ orin kọ ṣá," ni Abdulmujeeb wí. "Bàbá mi máa ń sọ ọ́."

"Àlàó wo?" Àlhájì na ọwọ́ sí àwo náà. "Àlàó tí ohùn ẹ̀ dà bí ẹ̀rọ ata! Ọjọ́ wo ló lanu kọrin? Mọ̀núrù, gbé e sórí ẹ̀rọ!"

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ ní ẹ fẹ́ fọ́ ọ."

"Mo ní gbé e sórí ẹ̀rọ!"

Abẹ́rẹ́ balẹ̀. Gìtá ta, ohùn ọ̀dọ́mọkùnrin kan sì jáde, ó ń bẹ ọmọge kan pé kó dúró de òun, bàtà òun ló ga tóun ò fi tètè dé. Àlhájì gbé ìka sókè. "Ẹ gbọ́ ọ! Ikọ́ tó wà níbẹ̀ yẹn, ikọ́ mi ni! Ọ̀fìnkìn ń ṣe mí lọ́jọ́ yẹn. Ṣé Àlàó ló húkọ́ ni?"

"Ẹ̀yin lẹ wá kọ ọ́ nígbà yẹn, Àlhájì?"

"Wàláì, èmi ni!"

Abdulmujeeb gbé fìlà ẹ̀ dé dáadáa. "Kí ni kí n wá sọ fún ìgbìmọ̀?"

"Sọ fún wọn pé mo kọ ọ́, ó dùn! Ta ni nínú wọn tí ò jó o?" Ó yí sí Mọ̀núrù. "Ìwọ, mú bírò. Kọ orúkọ mi sára bébà àwo yìí. Tó bá sì sọ nù pẹ́nrẹ́n, ìwọ àtàwọn ẹrù ẹ, ìta lẹ wà."

Mọ̀núrù ti ń kọ ọ́ kó tó parí ọ̀rọ̀. Ohun tó kọ ni pé: "Fàtáì ló kọ orin yìí."

"Fi Àlhájì sí i níwájú."

"Rárá o, ẹ̀gbọ́n."

"Kí lo wí?"

"Lọ́jọ́ tẹ́ ẹ kọ ọ́, ẹ ò tíì dé Mẹ́kà. Fàtáì ló ń kọrin níbẹ̀. Bó ṣe rí ni mo ń kọ ọ́."

Orin ò tíì tán, ọmọkùnrin yẹn ṣì ń bẹ ọmọge. Àlhájì bá jókòó sórí àpótí rédíò.

"Kọ ọ́ bẹ́ẹ̀," ló wí. "Ṣùgbọ́n jẹ́ kó hàn."